Ẹni Tó Ń Tú Gbogbo Rẹ̀ Palẹ̀

Bí sítátà ọkọ̀ bá dákẹ́, ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà tọ́jú rẹ̀ ní Apakun, ní Èkó. Wọ́n lè wá ibi tó ti ń dùn ún nìkan, kí wọ́n pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì méjì inú rẹ̀, kí dírẹ́bà sì máa bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n sì lè tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, títí kan ibi tí ohunkóhun kò ṣe, kí wọ́n yẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n yọ èyí tó ti gbó kúrò, kí wọ́n tún èyí tó ṣì lágbára ṣe, kí wọ́n sì tò ó padà títí yóò fi máa ṣiṣẹ́ bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀, nítorí òun ló yá, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Èkejì ni mo fẹ́ kí a jọ wò dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ tó jinlẹ̀ ni, a sì ti ń kọjá níwájú rẹ̀ tipẹ́ láìkí i.

Apakun kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń gba Òṣòdì kọjá. Ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ tó lọ sí Àpápá ló wà, kò sì jìnnà sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, níbi tí àwọn oníṣòwò láti orílẹ̀-èdè tó yí wa ká pàápàá ti ń wá ra ẹ̀yà ọkọ̀. Ibi tí ọjà bá ti tóbi tó bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ a máa tò yí i ká: mẹkáníìkì, onírìwáyà, pánẹ́ẹ̀lì bítà, fọkanáísà, àwọn tó ń wé kọ́ìlì, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì. Ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Hóònù dáńfó lápá kan, òòlù lápá kejì, jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀sán bá pọ́n, àwọn oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù á máa ti ọmọlanke kọjá, wọ́n ń ra irin tí àwọn ènìyàn ti sọ nù. Ẹ wo inú ọmọlanke yẹn: ọ́tánétọ̀ wà níbẹ̀, sítátà wà níbẹ̀, mọ́tò fáànù náà wà níbẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, òkú ni gbogbo wọn. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ kò rí wọn bẹ́ẹ̀. Á dá ọmọlanke dúró, á bẹ̀rẹ̀ wò ó, á fi ìka yí ọ̀pá ọ́tánétọ̀ kan, á gbé òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì san owó lórí ìwọ̀n. Irin ni oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tà. Ohun tí ọ̀gá rà ju irin lọ.

Àwọn oníṣẹ́ yìí kò lè wá ohun tí wọn yóò tún ṣe tì ní Èkó. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti Ibùdó Àdéhùn Basel lórí pàǹtírí eléwu tó wà ní Ìbàdàn jọ ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná àlòkù ló ń wọlé lọ́dún. Inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí, tí ọkọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ di àpótí ẹrù. Ọkọ̀ tó gbé wọn wá náà ti ṣiṣẹ́ sin ẹlòmíràn lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́árìn rẹ̀ ti ń ké, sítátà rẹ̀ ti rẹ̀. Ìgbà kejì ayé wọn ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ń lò láti ọjọ́ tí a ti rà wọ́n, ọwọ́ àwọn ará Apakun àti irú wọn ni ìgbà kẹta àti ìkẹrin sì wà.

Mo jókòó ti ọ̀gá kan níbẹ̀ láti wo bí ó ṣe ń ṣe sítátà dáńfó. Dírẹ́bà ló gbé e wá nínú àpò ìrẹsì.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ká-ká-ká ló kàn ń ṣe, kò yí ẹ́ńjìnì."

"Bátìrì ńkọ́?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáàjì ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

Ọ̀gá kò sọ ohun kan sí i. Kó tó mú sípánà rárá, ó mú irin kan tó mú ṣóńṣó, ó fi òòlù kékeré lu àmì kan sí orí ìdérí sítátà, ó sì lu èkejì tó dojú kọ ọ́ sí ara ikùn rẹ̀. Àmì méjì yẹn ni yóò sọ fún un, nígbà tó bá ń tò ó padà, bí ilé iṣẹ́ ṣe kọjú wọn síra. Bí ìdérí bá yí díẹ̀ péré, sítátà lè má wọlé sí àyè rẹ̀ lára ẹ́ńjìnì mọ́, tàbí kí búrọ́ọ̀ṣì má jókòó síbi tó yẹ. Iṣẹ́ àmì yẹn kò gbà ju kí èèyàn mí kanlẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ti ro bí yóò ṣe padà délé kó tó jáde ni mo jókòó tì.

Bóòtù gígùn méjì ló di sítátà náà pọ̀. Ó tú wọn, ó fa ìdérí, ó fa ámáṣọ̀, irin tó ń yí nínú rẹ̀, jáde, ó sì ń tò wọ́n sórí bébà ìròyìn àtijọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde, láti òsì sí ọ̀tún, kò jẹ́ kí ọ̀kan fo èkejì. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ gbé abọ́ bẹntiróòlù wá, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọǹkan fọ èérí kúrò lára irin. Bó ṣe na ọwọ́ sí bẹ́ńdíìsì ni ọ̀gá ké mọ́ ọn.

"Má rì í o! Aṣọ ni kóo fi nù ún."

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá."

Bẹ́ńdíìsì ni gíà kékeré tó máa ń yọ síwájú láti mú eyín ẹ́ńjìnì, tí yóò sì tú u sílẹ̀ bí ẹ́ńjìnì bá ti ta. Gírísì wà nínú rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ti tì pa mọ́ síbẹ̀, kò sì sí ihò tí èèyàn lè gbà fi òmíràn kún un. Bí bẹntiróòlù bá wọlé, á fọ gírísì náà lọ. Bẹ́ńdíìsì á mọ́ tónítóní, oníbàárà á yìn ín, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́. Irú ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń kà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀gá ló ti ń jáde, lójijì, ní àkókò tí ọwọ́ ọmọṣẹ́ ti ń lọ sínú abọ́.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí sólínọ́ọ̀dì, ìgò irin kékeré tó jókòó lórí sítátà. Ó fi áyọ́ọ̀nù yọ́ sóòdà ìdí rẹ̀, ó sì ṣí i. Àwo bàbà róbótó kan wà nínú rẹ̀ tó ń so iná bátìrì pọ̀ mọ́ sítátà. Ojú rẹ̀ ti jó dúdú, ó ti ní kòtò. Òun ló ń ṣe ká-ká-ká: ó ń fò síwájú, ó ń kan orí bóòtù bàbà méjì, ṣùgbọ́n iná kò rí ọ̀nà kọjá. Ẹlòmíràn á ní kí dírẹ́bà lọ ra sólínọ́ọ̀dì tuntun. Ọ̀gá yìí yọ àwo náà, ó sì yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán gbinrin, iná kò kàn án rí. Ó tú bóòtù méjèèjì náà, ó yí wọn kí apá tí kò jó lára wọn lè bọ́ sí ọ̀nà àwo. Ojú méjì ni àwo náà ní láti ilé iṣẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ni a ti lò.

Iṣẹ́ lè parí síbẹ̀. Dírẹ́bà á sanwó, ọkọ̀ á ta, gbogbo ènìyàn á sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbé ámáṣọ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó fi èékánná tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibì kan wà lára irin dúdú náà tó ń dán. Irin ti ń ha irin níbẹ̀. Bí ámáṣọ̀ ṣe ń yí nínú ikùn sítátà, kò yẹ kó fara kan ohunkóhun; àyè tó wà láàárín òun àti ògiri kò tóbi, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà. Ó mú ọ̀pá ámáṣọ̀ padà sínú búṣì, òrùka bàbà inú ìdérí tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀, ó mì í, ó sì jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi mì í. Ó ń jó. Búṣì náà ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìtàn náà wá to ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Búṣì jẹ, ọ̀pá wá ń mì. Ọ̀pá ń mì, ámáṣọ̀ wá ń ha ògiri. Ó ń ha ògiri, ó wá di pé ó wúwo láti yí. Ó wúwo, ó wá ń fa iná tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́wọ́ bátìrì. Iná púpọ̀ yẹn ló jó ojú àwo bàbà. Ohun tó jóná kọ́ ló jẹ̀bi. Búṣì tó kéré jù lọ, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tí kò ké, tí kò sì rùn, ni ọ̀daràn. Bí wọ́n bá yí àwo padà tí wọ́n sì fi búṣì sílẹ̀, ojú kejì náà á jó, àwo kò sì ní ojú kẹta.

Ohun tí mo ní láti sọ nípa iṣẹ́ yìí kò ju èyí lọ. Ẹni tó ń ṣe àlẹ̀mọ́ máa ń bi ẹ̀rọ pé níbo ló ti ń dùn ọ́, á sì gba ìdáhùn rẹ̀ gbọ́. Ẹni tó ń sọ ẹ̀rọ dọ̀tun kì í gba ìdáhùn yẹn gbọ́ títí yóò fi rí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó dákẹ́ ni ó máa ń fura sí jù. Kì í ṣe pé irinṣẹ́ tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, ọ̀nà tó gbà ń wo nǹkan ló yàtọ̀.

Ó mú búṣì tuntun jáde nínú agolo kan tí òróró ẹ́ńjìnì wà nínú rẹ̀. Àná ló ti rẹ wọ́n. Irú bàbà tí wọ́n fi ṣe búṣì yìí ní ihò wínníwínní tí ojú kò lè rí, òróró máa ń wọ inú wọn, á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀pá bá ti ń gbóná. Ẹni tó bá fi í síbẹ̀ ní gbígbẹ ti dín ọjọ́ rẹ̀ kù kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi fáìsì tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìrọ̀rùn. Kò lo òòlù, nítorí òòlù lè ba etí rẹ̀ jẹ́.

Ó ku ámáṣọ̀ fúnra rẹ̀ láti bi léèrè. Ojú kò lè rí i bí wáyà méjì bá ti ń kan ara wọn nínú rẹ̀, mítà kékeré pàápàá lè má rí i. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n wà lábẹ́ tábìlì: irin pẹlẹbẹ púpọ̀ tí wọ́n tò pọ̀, tí wọ́n gé òkè rẹ̀ bíi lẹ́tà V, tí wọ́n sì wé wáyà sí nídìí. Ọ̀gá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, láti ara irin tó yọ nínú tíráńsífọ́mà kan tó ti jóná. Ó gbé ámáṣọ̀ sínú kòtò V náà, ó fi iná sí i, gbogbo tábìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó wá mú àjákù ojú ayùn irin, ó gbé e lé orí ámáṣọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń yí ámáṣọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n kòtò kan sí èkejì. Bí wáyà kan bá ti kan èkejì nínú kòtò kan, ojú ayùn á gbọ̀n gìrìgìrì bó bá dé orí rẹ̀. Ó yí i títí ó fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ayùn kò gbọ̀n. Ó pa iná, ó sì ní, "Èyí ṣì wà láàyè."

Kọmútétọ̀ nìkan ló ku, ìyẹn àwọn ègé bàbà tó yí ìdí ámáṣọ̀ ká, tí búrọ́ọ̀ṣì tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀ máa ń jókòó lé. Búrọ́ọ̀ṣì ti jẹ ọ̀nà sí i lára. Ṣọ́ọ̀bù onílẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n gbé e lọ, ọkùnrin ibẹ̀ sì fi ẹ̀rọ ha bàbà náà tín-ín-rín, ó kàn tó kí ojú rẹ̀ tẹ́jú. Bí ó bá ha á jù, ọjọ́ ayé rẹ̀ á kúrú. Bí kò bá ha á tó, búrọ́ọ̀ṣì á máa fò. Nígbà tí wọ́n gbé e padà ni iṣẹ́ tó wù mí jù níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ègé bàbà kan àti èkejì, máíkà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí kò jẹ́ kí iná fò láti ọ̀kan sí èkejì. Máíkà le ju bàbà lọ, kì í tètè jẹ. Bí bàbà bá ti jẹ, máíkà á yọ orí síta, á sì máa gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè kúrò lára bàbà, iná á máa ta pàràpàrà. Ọ̀gá mú ojú ayùn kan tó ti lọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ dọ́gba pẹ̀lú máíkà, ó sì ń ha á wọlẹ̀ láàárín ègé kọ̀ọ̀kan, kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Ó ń ka wọ́n sínú bó ṣe ń lọ. Kò fo ọ̀kan. Oníbàárà kò ní rí iṣẹ́ yìí láéláé, inú ìdérí ló máa wà.

Ohun tí ọ̀gá yìí ń ṣe lórí tábìlì onígi, odindi ilé iṣẹ́ ni wọ́n kọ́ fún un níbòmíràn. Àbájáde Ogun Àgbáyé Kejì ló tì wọ́n sí i ní Yúróòpù: irin wọ́n, owó wọ́n, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ rìn. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹ̀yà ọkọ̀ tó ti gbó dọ̀tun fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní 1947. Renault bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Choisy-le-Roi, lẹ́bàá Paris, ní 1949. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ katakata Caterpillar wọ inú iṣẹ́ náà ní 1973. Àìní ló bí i fún wọn, bó ṣe bí i fún wa. Ìgbà tí kò sì tíì sí ọkọ̀ rárá, àwọn baba wa ti ń ṣe é: ọkọ́ tó bá jẹ dé ìdí, ilé alágbẹ̀dẹ ni àgbẹ̀ ń gbé e lọ, wọ́n á rọ irin mọ́ ọn lẹ́nu, á tún padà sóko, àdá tó bá ṣẹ́ á di ọ̀bẹ.

Robert Lund, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ní 1984, Báǹkì Àgbáyé tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí ìrírí Amẹ́ríkà nínú ìsọdọ̀tun ẹ̀rọ àti ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà lè rí mú nínú rẹ̀. Ní 1996, ó ṣírò pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Amẹ́ríkà tó 73,000, pé òṣìṣẹ́ wọn tó 480,000, pé ọjà tí wọ́n ń tà lọ́dún sì tó bílíọ̀nù 53 dọ́là. Òmìrán tó fara pamọ́ ló pè é. Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ló pọ̀ jù nínú wọn, irú èyí tí ẹni tó bá ń rìn lọ kò ní yíjú sí. Bí mo bá ń ka irú nǹkan báyìí, Apakun ni ọkàn mi máa ń lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí ẹ̀rọ tó ti gbó gbà padà pàápàá jọra. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ra sítátà tí wọ́n sọ dọ̀tun máa fi owó kan dúró, bí ó bá sì gbé èyí tó kú wá, wọ́n á dá owó náà padà fún un. Ní Apakun, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í nájà ni ẹ óò ti gbọ́ ọ: "Ti àtijọ́ dà?" Iye tí wọ́n máa pè fún ẹni tó gbé ti àtijọ́ dání yàtọ̀ sí ti ẹni tó na ọwọ́ lásán wá.

Lórí ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì, ni ọwọ́ ti máa ń hàn jù. Òrùka irin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n gé kòtò sí nínú yíká, kòtò 36 lára ọ̀pọ̀ wọn, wáyà bàbà ló sì kún inú wọn ní ọ̀wọ́ mẹ́ta. Bí wáyà náà bá jóná, ẹni tó ń wé kọ́ìlì kì í kánjú gé e jáde. Ó máa ń kọ́kọ́ kà á. Á ka iye ìgbà tí wáyà yí ká nínú kòtò kan. Á wo kòtò tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó bọ́ sí. Á ha fáníìṣì ara wáyà kúrò, á sì wọn bó ṣe nípọn tó. Á wo bí orí ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe so mọ́ra. Inú ìwé tí ọmọ iléèwé ń lò ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, èèpo ìwé náà ti dúdú fún ọ̀rá: orúkọ ọkọ̀, iye kòtò, iye yíyí, ìnípọn wáyà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kò fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ní àwòrán ẹ̀rọ wọn. Ara ẹ̀rọ tó ti kú ni wọ́n ti kà á jáde, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Lójú mi, ìwé yẹn níye lórí ju gbogbo irinṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì ń dùn mí pé ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà.

Lẹ́yìn tó bá ti kó wáyà àtijọ́ kúrò, á tẹ́ bébà líle sínú kòtò kọ̀ọ̀kan kí irin má baà gé wáyà tuntun lára, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ wéréwéré bí ti onídìrí tó ti mọ iye ìlà tí orí yẹn yóò gbà. Ọparun tó ti fi sáńpépà dán ni ó fi ń ti wáyà wọ inú kòtò, nítorí súkúrúdíráfà lè ha fáníìṣì, ibi tó bá sì ti ha ni yóò jó. Tó bá parí, á fi òwú dè é, á da fáníìṣì sí i, á sì gbé e sí oòrùn. Bí òjò bá ṣú, á tan gílóòbù ńlá sí i nínú àpótí páálí.

Bàbà ní láti gbóná dé ìwọ̀n 1,085 kó tó yọ́, àlùmíníọ̀mù ìdérí ọ́tánétọ̀ ní láti dé 660. Ìwọ̀n Celsius ni mò ń sọ. Ẹni kan ti dá iná tó tó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ wọn ní Japan tàbí ní Jámánì kí wọ́n tó di ẹ̀rọ. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo wò ní Apakun, ohun tó gbóná jù ni áyọ́ọ̀nù tó ń yọ́ sóòdà, sóòdà kò sì nílò ìwọ̀n 200 kó tó yọ́. Iná ńlá ti ọjọ́ sí yẹn ṣì wà nínú ẹ̀rọ náà, wọn kò fi ṣòfò. Ẹ wá fi èyí wé àwọn tó ń finá sun wáyà ní ààtàn kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà: èéfín dúdú tí àwọn ọmọ ń fà sínú, àti ìwọ̀nba bàbà tí wọn yóò tún lọ yọ́.

Mi ò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Ìlànà kan tí wọ́n gbé jáde ní Ìlú Ọba ní 2009 sọ pé kí a tó lè pe iṣẹ́ ní ìsọdọ̀tun, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ tó bí ìgbà tó wà ní tuntun, ó kéré tán, gáráńtì rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí ti tuntun. Àwọn ọ̀gá tó dára jù ní Apakun kúnjú ìwọ̀n àkọ́kọ́. Ìwọ̀n kejì ló ń dá wọn dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ dán ọ́tánétọ̀ wò, ara ọkọ̀ náà ni wọ́n ń dè é mọ́, wọ́n á tan iná iwájú, wọ́n á fi mítà wo bátìrì bóyá ó dé bíi fóòtù 14. Ìdánwò gidi ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí yóò fi ẹrù wúwo sí i fún wákàtí kan kí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Bí ìwé kò bá sì sí, ìlérí ẹnu ni gáráńtì.

Ohun tí wọ́n ń rà lọ́jà náà ń dà wọ́n. Wáyà kan wà tó jẹ́ àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lóde. Ó dán bíi bàbà, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, bí a bá sì fi ọ̀bẹ ha á, funfun ni inú rẹ̀. Àlùmíníọ̀mù kò gbé iná ju nǹkan bí 60 nínú 100 ohun tí bàbà ń gbé lọ. Ẹni tó bá fi wáyà yìí wé kọ́ìlì, tó sì lo ìnípọn tó kọ sínú ìwé rẹ̀, ti ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa lórí irọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀gá tí mo jókòó tì máa ń ha wáyà níṣojú ẹni tó ń tà á kó tó yọ owó lápò.

Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé kò sì dá wọn lójú. Àwọn ará Òṣòdì kò tíì gbàgbé oṣù kìíní 2016, nígbà tí ìjọba wó ọjà Owónifárí, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ oníná, tí wọ́n sì ní kí àwọn oníṣòwò kó lọ sí Ìsọ̀pákodówó ní Bọ́ládé. Mo mọ̀ pé títì gbọ́dọ̀ gbòòrò, pé ìlú gbọ́dọ̀ létò. Ṣùgbọ́n onílẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń wé kọ́ìlì àti onírìwáyà jọ ń gbé pọ̀ ni. Ẹ ti rí i bí ámáṣọ̀ kan ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá lé wọn túká, onírìwáyà kò ní rí onílẹ́ẹ̀tì mọ́, á sì padà sí àlẹ̀mọ́. Tí ìjọba bá fẹ́ ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè ni àyè kan tí gbogbo wọn lè jọ wà, iná tí kì í lọ, àti ẹ̀rọ ìdánwò kan tí wọ́n lè máa sanwó lò. Ìwé gáráńtì á tẹ̀ lé e.

Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀ lè ran ara yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbé sítátà lọ ṣe, ẹ sọ fún ọ̀gá látìbẹ̀rẹ̀ pé kí ó kó gbogbo ohun tó bá yọ nínú rẹ̀ pamọ́ fún yín. Bí ẹ bá dé, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ẹ fi wé tuntun, kí ẹ rí bó ṣe kúrú tó. Ẹ béèrè búṣì àtijọ́, ẹ fi ìka sínú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ihò rẹ̀ ṣì róbótó. Ẹ ní kí ó sọ fún yín ohun tó mú kí èyí tó jóná jóná. Ọ̀gá tó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí, àfàìmọ̀ kó má fa àga fún yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì méjì péré ló lè kó síta, owó búrọ́ọ̀ṣì méjì ni kí ẹ san.